Ìránṣẹ́ Inú Kèrègbè Yìnyín

Ọdẹ́rìndé sọ ìkòkò omi kalẹ̀ lórí iná, ó da omi gbígbóná sínú ọpọ́n, ó sì ki ọwọ́ bọ inú àpò ọdẹ rẹ̀, ó yọ oògùn jáde.

"Na ẹsẹ̀ rẹ," ó sọ fún àbúrò rẹ̀.

Ògúnsakin na ẹsẹ̀. Egbò wà ní ojúgun rẹ̀, ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà, etí rẹ̀ le bí èèpo igi, àárín rẹ̀ pọ́n bí ojú ọ̀mùtí. Ó ti di ọdún márùn-ún tí tàkúté ti gé e níbẹ̀. Láràárọ̀ ni Ọdẹ́rìndé ń wẹ̀ ẹ́, tí ó sì ń da oògùn tí òun fúnra rẹ̀ pò sí i: ẹ̀tù ìbọn, eérú, àti omi ọsàn wẹ́wẹ́. Bí oògùn náà bá ti kan egbò, Ògúnsakin á fi eyín di aṣọ mú, òógùn á sì bò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, oògùn yìí ń ta mí ju egbò lọ."

"Oògùn tí kò bá ta ni, omi lásán ni. Jókòó jẹ́ẹ́."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yí mi ká, ẹ má rò pé ọmọdé ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Mo ti sáré níwájú ẹfọ̀n rí, mo ti sáré lẹ́yìn ẹfọ̀n rí, ẹfọ̀n kan náà sì ni. Bí wọ́n bá ń ka àwọn tí ó ti rí ohun tí ojú kì í rí, Ọdẹ́rìndé ni àkọ́kọ́, èmi ni ìkejì, kò sì sí ẹnì kẹta. Ọdẹ́rìndé ní sùúrù. Bí ó bá rí tàkúté tí kò mọ̀ rí, á tú u palẹ̀, á tún un tò, á tún tú u palẹ̀ títí yóò fi mọ ohun tí ó ń mú un gbá. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìfura rẹ̀ pọ̀ ju irun orí rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á kọ́kọ́ wo ojú oòrùn kí ó tó dáhùn.

Ní àárọ̀ tí mò ń wí yìí, kò tíì di egbò náà tán tí ẹni tí Baálẹ̀ rán dé. Ó dúró lókèèrè, ó fi aṣọ bo imú.

"Baálẹ̀ ní kí n kí yín. Wọ́n ní bí iṣu tuntun bá wọlé tí egbò yìí kò bá tíì jiná, kí Ògúnsakin kó ẹrù rẹ̀ sọdá odò Àmù, kí ó máa dá gbé níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Wọ́n ní èpè ni, èpè a sì máa ràn. A ti gé òpó ahéré tí yóò máa gbé."

Ògúnsakin ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹlòmíì ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pè é ní èpè nílùú náà. Adétutù ni, obìnrin tí ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà jíjìn, tí ó padà wá pẹ̀lú àpótí àwo gíláàsì, tí ó sì kọ́ ilé ìwádìí sẹ́yìn oko obì. Àwọn ará ìlú kì í gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá. Ọdẹ́rìndé pàápàá kì í gbà á, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó fi ọ̀bẹ há ìbàdí, ó lọ.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ọdẹ. Ẹ fi ọ̀bẹ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà."

"Ọ̀bẹ mi kì í dá dúró níta."

"Ó dáa, kí ó wọlé. Kí ó ṣáà má fọwọ́ kan nǹkan."

Ó mú un dé ìdí àwo pẹlẹbẹ kan. Omi pípọ́n rẹ́súrẹ́sú wà nínú rẹ̀. Ó gbé gíláàsì asọ-nǹkan-di-ńlá lé e, ó ní kí Ọdẹ́rìndé wò ó. Ọkùnrin náà rí nǹkan bí òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò pọ̀, tí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan là kọjá láàárín wọn.

"Ẹran ara àbúrò yín ni. Ó fún mi ní ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ láti ibi tí ó ti dára ní itan rẹ̀. Wọ́n wà láàyè. Èmi ni mo fi abẹ́rẹ́ la ojú ọ̀nà yẹn. Ó yẹ kí wọ́n rìn láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí wọ́n pàdé, bí egbò ṣe ń jiná. Wọn kò rìn."

"Ṣé èpè ni?"

"Ẹran ara kì í dédé dìde. Ìránṣẹ́ kan wà nínú ara èèyàn tí ó máa ń kan ilẹ̀kùn wọn pé, 'Ẹ dìde, ògiri ti ya.' Kì í wọlé. Òde ló ti ń kàn án, àwọn ará ilé ló ń ṣiṣẹ́. Nínú àwo yìí kò sí ìránṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé, ṣé ẹran ara àbúrò yín ló di adití, àbí ohun kan ń pa ìránṣẹ́ lójú egbò. Bí mo bá rí ìránṣẹ́ tí ó dá mi lójú, màá mọ̀."

"Níbo ni wọ́n ti ń rí i?"

"Ní Ìlú Àdàkọ, lẹ́yìn igbó àwọn iwin. Àwọn ni wọ́n ń bá èèyàn ṣe é."

Ó fà á lé e lọ́wọ́: okùn ìlẹ̀kẹ̀ gígùn, aláwọ̀ mẹ́rin. Pupa, funfun, dúdú, àwọ̀ ewé. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, bí àròkò. Ara èèyàn ni Adétutù ti kà á. Bí ẹyọ kan bá jábọ́, ìránṣẹ́ mìíràn ni yóò jáde, tàbí kí ìkankan má jáde.

"Bí mo bá mú un dé, màá dà á sójú egbò àbúrò mi."

"Rárá o! Iṣẹ́ ìwádìí nìkan ni tiwa yìí wà fún. A kì í jẹ ẹ́, a kì í fi pa ara. Ìbéèrè ni a fẹ́ fi bi ẹran ara."

"Torí ìbéèrè ni kí n ṣe kú sínú igbó?"

"Oògùn tí a kò bi ní ìbéèrè rí ńkọ́, Bàbá Ọdẹ?" Adétutù wò ó. "Ẹ rántí o, ooru ni ikú ìránṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ oògùn yẹn ta Ọdẹ́rìndé lára, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí ó ti ta á. Iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ọwọ́ lóko nígbà náà. Ó fi okùn náà kọ́ ọrùn, ó lọ.

N kò ní sọ bí ó ṣe rìn fún yín. Ẹsẹ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń rìn. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé inú igbó tí igi ti ń tẹ̀ wálẹ̀ láti wo ojú ẹni tó ń kọjá. Níbẹ̀ ni Ọdẹ́rìndé ti kíyè sí ilẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni ó kún ilẹ̀ bẹẹrẹ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kò sì sí méjì tí ó so pọ̀ mọ́ra nínú wọn. Ó dúró. Ó ní, "Ohun tí ó ṣe èyí kò tíì lọ jìnnà."

Ní tòótọ́ ni iwin kan yọ. Ajẹ̀lẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìka mẹ́wàá ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, mẹ́wàá lọ́wọ́ òsì, itọ́ sì ń kán lẹ́nu rẹ̀ tó, tó, tó.

"Ọdẹ, ọmọ ọdẹ, ẹni iyì! Kí lo fi kọ́ ọrùn yìí?"

"Okùn ni."

"Ó mà lẹ́wà o! Jẹ́ kí n kàn fọwọ́ kàn án lásán."

"Ọwọ́ tí ó bá fẹ́ kan nǹkan lásán, kí ó kan imú ara rẹ̀."

"Ṣé o kò fọkàn tán mi ni? Èmi tí bàbá mi àti bàbá rẹ jọ jẹun?"

"Bàbá mi kì í jẹun lóde."

Iwin náà rẹ́rìn-ín, ó ń sún mọ́ ọn. Itọ́ rẹ̀ kán sórí ìtàkùn gígùn kan tí ó nà gba ojú ọ̀nà kọjá, ìtàkùn náà sì já sí wẹ́wẹ́ lójú Ọdẹ́rìndé. Ohun tí yóò ba ẹlòmíràn lẹ́rù ni èyí, ṣùgbọ́n ó la ọ̀nà fún ọkùnrin wa. Ó rí i pé iwin náà kò wo ohun tí ó ń bù jẹ. Ohunkóhun tí ó bá ti gùn tí ó sì so pọ̀, oúnjẹ rẹ̀ ni. Ó tú okùn eyín ẹran tí ó so mọ́ àpò rẹ̀, eyín ọ̀bọ, eyín túùkú, eyín ìkookò, ó jù ú sókè. "Gbà, ọmọ ọ̀rẹ́ bàbá mi!" Ajẹ̀lẹ̀kẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, ó ń tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ ń dùn. Kí ó tó dé eyín ìkookò, Ọdẹ́rìndé ti ré kọjá. Láti ìgbà náà ni kò sì fi ọwọ́ lásán kan okùn ìlẹ̀kẹ̀ náà mọ́. Ó já ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fi wé ọwọ́, nítorí ó ní, "Ta ni ó mọ ibi tí itọ́ rẹ̀ ta dé?"

Nígbà tí ó rí odi Ìlú Àdàkọ lókèèrè, ọkùnrin kan ti jókòó sábẹ́ igi lẹ́bàá ọ̀nà. Aṣọ rẹ̀ ń tàn, eyín rẹ̀ ń tàn, orúkọ rẹ̀ sì ni Dídánlójú. Ó to ìgò wẹ́wẹ́ sórí àtẹ nínú oòrùn gangan.

"Ìránṣẹ́ rèé! Ìránṣẹ́ tòótọ́, kan-ilẹ̀kùn-má-ṣàárẹ̀! Ọdẹ, kí lo ń lọ ṣe nínú ìlú tí wọn yóò dá ọ dúró fún oṣù kan gbáko? Tèmi ti ṣe tán."

"Ọjọ́ mélòó ni ó ti wà nínú oòrùn?"

"Oòrùn ni ó ń fún un lágbára."

"Ta ni ó rí i tí ó kan ilẹ̀kùn rí?"

"Gbogbo ayé!"

"Dárúkọ ẹnì kan."

Dídánlójú họ orí. "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé ìyá rẹ kò kọ́ ọ pé kí o máa gba èèyàn gbọ́ ni?"

"Ó kọ́ mi pé kí n máa gba àgbà gbọ́. Ìgò rẹ kò tíì dàgbà." Ọdẹ́rìndé ṣí ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀. Omidùn ògì ni. Ó dé e padà jẹ́jẹ́, ó sì ń lọ. Dídánlójú ń bú u lẹ́yìn, kò wẹ̀yìn. Ẹ wò ó, ìfura gbà á là lọ́jọ́ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn kí ẹ má baà sọ pé mo ń bú ìfura.

Oníbodè ìlú náà ń jẹ́ Tún-un-wò. Ojú kan wà níwájú orí rẹ̀, ojú kan wà ní ìpàkọ́, ojú méjèèjì kì í sì í gba ara wọn gbọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ẹnubodè, òpó igi méjìdínlógún tò lọ, òpó kọ̀ọ̀kan sì ní ojú, imú àti ẹnu. Àwọn tí kò lè já àlọ́ oníbodè ni wọ́n sọ di òpó, àti àwọn tí ó pa irọ́ mọ́ ìlú. Ó pa tirẹ̀ fún Ọdẹ́rìndé:

"Ó kan ilẹ̀kùn, kò wọlé. Kò gbé ọkọ́, kò gbé àdá, ṣùgbọ́n nítorí rẹ̀ ni gbogbo ará ilé fi dìde iṣẹ́. Ta ni?"

Ọdẹ́rìndé fi ojú kan wo òpó kejìdínlógún, ó rí i pé omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó rántí ohun tí Adétutù wí.

"Ìránṣẹ́ ni. Òde ló ń dúró sí, ará ilé ló ń làágùn."

Ojú iwájú ní, "Ó mọ̀ ọ́n." Ojú ìpàkọ́ ní, "Bóyá ó ṣèèṣì ni." Wọ́n jọ ń jiyàn náà lọ́wọ́ tí Ọdẹ́rìndé fi wọlé.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èèyàn fi ń rìn láti ẹnubodè dé ààrin ìlú náà. Ìkòkò ni ilé wọn. Ìkòkò ńlá, ìkòkò kékeré, gbogbo wọn lọ́ wọ́ọ́rọ́, gbogbo wọn ń hó láìsí iná. Olórí wọn, Ìyá Ìkòkò, jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí omi ti jẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun.

"Àwọn wo ni ó wà nínú ìkòkò, Ìyá?"

"Ìbátan àwọn tí ń mú ẹmu hó lágbè. Ojú kò rí wọn àyàfi bí wọ́n bá di ọ̀kẹ́ àìmọye. Olúkúlùkù wọn ló ní okùn ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ nínú, ohun tí ó bá kà níbẹ̀ ni yóò ṣe. A ó gé okùn rẹ̀, a ó so tìrẹ sí àárín, yóò máa kà á lọ."

"Kò ní mọ̀?"

"Yóò rò pé ogún bàbá òun ni."

"Ẹ̀tàn ni ìyẹn."

"Nílé yín, bí ẹ bá kó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sábẹ́ adìẹ, ṣé adìẹ kì í sàba lé e?"

Ọdẹ́rìndé yíjú sí ìkòkò, nítorí òun náà ti kó ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sábẹ́ adìẹ rí.

Ó jókòó ti ìkòkò náà, ojú rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ìránṣẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó, wọ́n da gbogbo rẹ̀ sórí yanrìn oríṣiríṣi, ibùsùn méje. Ibùsùn kìíní di ìdọ̀tí mú, ìkejì di ọ̀rá mú, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sẹ́ ẹ lọ, títí ó fi dé ibùsùn keje tí ó di ìránṣẹ́ nìkan mú. Wọ́n wá fi omi iyọ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó tú ọwọ́ sílẹ̀. Ọdẹ́rìndé bi wọ́n léèrè ibùsùn kọ̀ọ̀kan. Inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tí wọ́n fún ní ẹsẹ̀ adìẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé èrè iṣẹ́ náà wá, kò ju ìrì tí ó bà lé ẹsẹ̀ aláǹtakùn lọ, Ìyá Ìkòkò sì ń da nǹkan mìíràn mọ́ ọn.

"Dúró ná, Ìyá! Kí ni ìyẹn?"

"Funfun ẹyin ni."

"Àbùlà! Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀! Ẹlẹ́mu ìlú wa náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, omi ló máa ń dà á!"

Obìnrin náà kò bínú. "Ògiri kèrègbè lójúkòkòrò, ọmọ mi. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kàn án ni yóò dì mú. Ìránṣẹ́ rẹ kéré níye. Bí ó bá dá wọlé, ògiri á gbé e mì tán, kèrègbè òfìfo ni wàá gbé délé. Funfun ẹyin pọ̀, kò sì níṣẹ́ tí ó ń ṣe. Jẹ́ kí ògiri di aláìníṣẹ́ mú, kí ìránṣẹ́ ráyè."

Ó kán ẹ̀kán kan sínú àwo ẹran ara kan, irú ti Adétutù, lójú Ọdẹ́rìndé. Kí oòrùn tó kúrò lórí, ẹran tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ojú ọ̀nà ti ń yọ ẹsẹ̀ wẹ́wẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti pàdé. Ó wá di ìránṣẹ́ náà sínú kèrègbè tí ó wà nínú kèrègbè: òwú àràbà láàárín méjèèjì, yìnyín nínú.

"Má ṣí i títí wàá fi délé."

Ó dá gbére, ó lọ. Ní ọjọ́ kìíní, ó ní, "Bí ó bá jẹ́ omidùn ògì ni wọ́n fi pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo yíjú ńkọ́?" Ó ṣí i, ó wò ó, ó dé e. Ó ní ojú lásán kò ní ooru nínú. Ní ọjọ́ kejì ó tún ṣí i, nítorí ó ní kèrègbè náà fúyẹ́. Ní ọjọ́ kẹta ó tún ṣí i, nítorí ó ní kèrègbè náà wúwo.

Ó dé ẹnubodè. Tún-un-wò ní òfin ni pé ohunkóhun tí yóò bá jáde lórúkọ ìlú àwọn, àwọn gbọ́dọ̀ tún un wò. Ó kán ẹ̀kán kan sínú àwo tirẹ̀. Wọ́n dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹran ara kò mira.

"Mo mọ̀!" Ọdẹ́rìndé lu àyà. "Olè ni yín! Olè ni Ìyá Ìkòkò! Ẹ fi eléyìí tó rìn hàn mí, ẹ sì di òkú sínú kèrègbè fún mi!"

Ojú méjèèjì Tún-un-wò gbà fún ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó di Ọdẹ́rìndé mú lápá, ó dá a padà sí ààrin ìlú, ó sì ní kí wọ́n gbẹ́ ihò òpó kọkàndínlógún sílẹ̀.

Ìyá Ìkòkò gba kèrègbè náà. Kò wo inú rẹ̀. Òwú àràbà ló wò. "Bí ooru bá wọlé, omi á sun láti ara yìnyín, òwú á mu ún, á sì gbẹ ní òrùka. Ọdẹ, ìwọ náà kà á."

Ọdẹ́rìndé kà á. Òrùka mẹ́ta ni.

"Ta ni ó pa ìránṣẹ́?" obìnrin náà béèrè.

Ọdẹ́rìndé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ojú mi ni, Ìyá. Èmi ni mo pa á."

"Bí a ṣe ń fi ewé pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ ni ìránṣẹ́ ṣe pọ́n mọ́ra. Ìpọ́n yẹn ni ọwọ́ tí ó fi ń kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá dì tí ó yọ́, tí ó tún dì tí ó tún yọ́, ìpọ́n á tú. Ẹyin tí a ti sè kì í padà di tútù."

"Ẹ̀bi mi ni, mo gbà. Ẹ fi mí ṣe òpó bí ẹ bá fẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣe é, ọ̀rọ̀ kan rú mi lójú. Ẹni tí ó rán mi yóò ṣe ju ìdánwò kan lọ. Òun náà yóò ṣí i, yóò dé e, yóò tún ṣí i. Ṣé kò ní pa á bí mo ṣe pa á ni?" Ó gbé orí sókè. Inú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. "Àwa ọdẹ kì í kó ẹ̀tù pọ̀ sójú kan. Bí a bá ń ṣí i káàkiri, ìrì á bà á jẹ́. Àdó kan, ìbọn kan. A ó wọn ọ́n sínú àdó wẹ́wẹ́ kí a tó jáde nílé, èyí tí a bá ṣí, a yìn ín tán nìyẹn."

Ìyá Ìkòkò bú sẹ́rìn-ín títí ìkòkò tó wà nítòsí fi ń mì. "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni a ti ń ṣe é fún àwọn tí ó bá béèrè. Ìwọ kò béèrè, o kàn ń fura ṣáá. Dìde."

Wọ́n wọn ìránṣẹ́ mìíràn sínú ogún àdó tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n tò wọ́n sínú yìnyín. Obìnrin náà fi ẹfun sàmì sí ọ̀kan. "Eléyìí ni ti ojú rẹ. Ṣí i bí ó bá ṣe wù ọ́, fi àwọn mọ́kàndínlógún tó kù sílẹ̀." Ẹ má rẹ́rìn-ín. Igba ìgbà ni ó ṣí àdó náà kí ó tó délé, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ìyókù.

Ó dé. Ewé iṣu ti fẹ̀, ó ti bo òpó igi. Wọ́n ti ri òpó ahéré mẹ́rin mọ́lẹ̀ lódìkejì odò Àmù. Láti ẹnu ọ̀nà ilé ni Ògúnsakin ti ń wò wọ́n.

Adétutù ṣí àdó kan sínú àwo. Ẹran ara Ògúnsakin rìn, ó pàdé. Ọdẹ́rìndé fò sókè. "Kì í ṣe adití! Àbúrò mi kì í ṣe adití!"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá ku ohun tí ń pa ìránṣẹ́." Adétutù ti kó gbogbo ohun tí ó ń kan egbò náà jọ. Ó tẹ́ àwo, ó kán ìránṣẹ́ sí gbogbo wọn, ó fi nǹkan kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Omi odò ni," Ọdẹ́rìndé wí. Wọ́n fi omi odò sí i, ẹran ara rìn.

"Aṣọ tí wọ́n fi ń dì í ni. Ìyàwó Baálẹ̀ ló fún wa. N kò gbà á gbọ́ láti ọjọ́ yìí." Wọ́n bọ aṣọ náà sínú àwo, ẹran ara rìn.

"Òrí tí aládùúgbò wa fi ń pa etí egbò náà nígbà tí mo wà lóko! Obìnrin yẹn, ẹ̀rín rẹ̀ ti pọ̀ jù." Ẹran ara rìn.

"Ó ku oògùn yín, Bàbá Ọdẹ."

"Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Èyí tí mo fi ọwọ́ ara mi pò?"

"Gbogbo ayé lẹ ti fura sí."

Ó fi orí abẹ́rẹ́ mú oògùn náà, ìwọ̀n tí kòkòrò lè gbé, ó fi kan omi inú àwo. Ọdẹ́rìndé ń wò ó nínú gíláàsì. Ẹran ara ká kò bí ewé tí ó sún mọ́ iná. Ọdẹ́rìndé ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ṣí àdó mìíràn. Ó ní kí wọ́n tún un ṣe, kí òun fúnra òun fi ọwọ́ ara òun kán an. Ó kán an. Ẹran ara tún ká kò.

Ọdẹ́rìndé fà sẹ́yìn, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Adétutù fún un ní omi mu.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ògúnsakin na ẹsẹ̀, ó sì fi eyín di aṣọ mú. Omi tí a sè, tí a fi iyọ̀ díẹ̀ sí, tí a jẹ́ kí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni Ọdẹ́rìndé fi wẹ̀ ẹ́. Ó fi aṣọ mímọ́ dì í. Ó tán.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kò ta mí."

"Mo mọ̀."

"Oògùn ńkọ́?"

"Mo ti dà á nù. Oògùn náà ló ń pa ẹran ara rẹ. Èmi ni, Ògúnsakin. Láti ọjọ́ yìí, èmi ni."

Ògúnsakin yọ aṣọ lẹ́nu. "Ọdún márùn-ún?"

"Ọdún márùn-ún."

Ọdẹ́rìndé ń retí èpè. Nígbà tí ó ṣe, Ògúnsakin mi orí. "Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ọfà yín bí mo bá kúrò nílé yín!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀, a kò mọ èyí tí ó ṣáájú.

Etí egbò kọ́kọ́ rọ̀. Lẹ́yìn náà ni awọ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í rìn wá láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, díẹ̀díẹ̀, bí ti inú àwo. Lọ́jọ́ tí iṣu tuntun wọlé, Baálẹ̀ àti àwọn ìjòyè wá mú Ògúnsakin. Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun náà. Ó fi itọ́ kàn án, ó nù ún, bóyá osùn ni wọ́n fi kùn ún. Ẹsẹ̀ ni. Ó nàró tán, ó wo Ọdẹ́rìndé, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ lọ hú òpó wọ̀nyẹn kúrò lódò," ó wí.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà, Ògúnsakin wọ igbó fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún márùn-ún, ó pa ìgalà. Nílùú wọn, itan ẹran tí ọdẹ bá pa, ti Baálẹ̀ ni. Ògúnsakin kò rán ẹnikẹ́ni. Òun ló ru ú, ó gba ààrin ìlú kọjá lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ó gbé e kalẹ̀ níwájú Baálẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n yan án níbẹ̀. Baálẹ̀ wo ẹran, ó wo ọwọ́ tí ó gbé e wá. Ó gé e, ó fi sẹ́nu, ó jẹ ẹ́ títí ó fi kan egungun, ó sì fọ́ egungun náà, ó fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀ mu.